Bí Ògiri Bá Lanu: Ìtàn Odi Ọpọlọ, láti Ọjà'ba dé UCH

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1958, ìròyìn burúkú kan wọ Ìbàdàn. Adégòkè Adélabú ti ní ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó, ó sì ti kú. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pẹnkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jókòó ní Gbọ̀ngàn Mápó, kò tíì pé ọmọ ọdún 43. Ìlú dàrú. Ẹ̀mí ènìyàn bá rògbòdìyàn náà lọ. Títí di òní, àwọn àgbà tó wà ní ìsàlẹ̀ Ìbàdàn ṣì lè sọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́.

Àwọn onítàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìṣèlú tó yí ikú yẹn ká. Ibòmíràn ni tiwa ń lọ. A kò sọ pé orí ni Adélabú fi ṣèṣe. Ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH. Ìyẹn ni pé ilé ìwòsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ oṣù mẹ́rin nígbà tí Adélabú kú. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, Adéọ̀yọ́ tó wà ní Yemẹtu ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń kọ́ iṣẹ́. Ọkọ̀ ti pọ̀ lójú títì, ilé alájà ti ń pọ̀, ènìyàn ń ṣubú láti orí òrùlé, láti orí ọ̀pẹ, láti inú bọ́ọ̀lẹ́kájà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kan tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó sì wà nílé láti ṣe é. Ó tó ọdún mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn ikú Adélabú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó dé.

Ìbéèrè tó gbé wa dé ìdí ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí Ọjà'ba tàbí Bẹ́yẹrúnkà. Ẹnìkan ṣubú lórí ọ̀kadà láàárọ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó tún bá àwọn tó yí i ká ṣàwàdà. Wọ́n fún un lómi, wọ́n ní "ọpẹ́lọpẹ́ orí". Nígbà tó di alẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n jí i, kò dáhùn. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín àárọ̀ sí alẹ́? Kì í ṣe pé ó tún ṣubú. Nígbà tí ìdáhùn bá ṣòro, a mọ ẹni tí àdúgbò máa ń di ẹ̀bi rù. Bóyá ìyàwó àgbà ni, bóyá aládùúgbò tó wá kí i ni.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ yìí dá lé wákàtí wọ̀nyẹn, èyí tó wà láàárín ìṣubú àti ìdákú.

Ọdún 1962

Bí a bá ń ka ìtàn Ìbàdàn, ọdún 1962 jẹ́ ọdún ìjà. Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ju àga lu ara wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní Agodi, tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ìjọba pàjáwìrì. Àwa tí a ka ìtàn yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ọkùnrin kan dé sí Ìbàdàn tí ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ: Dókítà Emmanuel Ọlátúndé Ọdẹ́kù, tí ayé mọ̀ sí Látúndé Ọdẹ́kù.

Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1927, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ wá láti Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Ó lọ sí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó gboyè dókítà níbẹ̀ ní 1954, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó lè dúró sí Amẹ́ríkà. Ó wá sí UCH, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú: ìwé ewì rẹ̀ méjì, *Twilight Out of the Night* àti *Whispers from the Night*, jáde ní 1964 àti 1969. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi wá pé kí ló kan ọmọ ẹ̀ka èdè pẹ̀lú ọpọlọ, ẹ bi Ọdẹ́kù.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyí. Ọdún 1962 kan náà yìí ni àwọn nǹkan méjì mìíràn ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Japan, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ṣe wọ́n kò mọ̀ pé wọn yóò bá ẹni tó ṣubú ní Ọjà'ba wí. A ó dé orí méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ odi tí ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Odi àti oníbodè

Láyé Balógun Ìbíkúnlé, ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19, Ìbàdàn mọ odi yí ìlú ká. Odi yẹn ní ẹnubodè tó kọjú sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti ọ̀nà Ìwó. Oníbodè wà níbẹ̀. Oníṣòwò tó gbé iṣu àti epo yóò kọjá, ẹni tí wọn kò mọ̀ yóò dúró. Odi tó dára kì í dí ìlú pa. Ó máa ń yan ohun tó yẹ kó wọlé.

Irú odi bẹ́ẹ̀ wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ wa. A ó máa pè é ní odi ọpọlọ nínú ìwé yìí. Kì í ṣe ògiri kan ṣoṣo tó wà lójú kan. Gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó gba inú ọpọlọ kọjá ló ní tirẹ̀. Ní ibòmíràn nínú ara, àlàfo kékeré máa ń wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí omi àti oríṣiríṣi nǹkan ń gbà jáde. Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà rán mọ́ ara wọn pinpin. Okùn tó rán wọn ni àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní occludin àti claudin-5. Lẹ́yìn wọn ni ìpìlẹ̀ kan wà tó dà bí amọ̀ tí a fi rẹ́ ògiri. Purotéènì kan tó ń jẹ́ collagen ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn di gbogbo rẹ̀ mú. Ṣúgà ní ẹnubodè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn, kòkòrò àrùn àti májèlé kò ní.

Báwo ni ènìyàn ṣe mọ̀ pé odi yìí wà? Aró ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní 1885, onímọ̀ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Paul Ehrlich fa aró sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹranko. Gbogbo ẹ̀yà ara mu aró náà, àfi ọpọlọ. Ehrlich rò pé ọpọlọ kàn jẹ́ aṣọ tí kì í gba aró ni. Ní 1913, Edwin Goldmann, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó fa aró búlúù sínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, kì í ṣe sínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ mu aró kíá, ìyókù ara kò sì mu ún. Nítorí náà ọpọlọ lè mu aró. Nǹkan kan ló ń dí aró lọ́nà láti inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí aláró tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ yóò lóye èyí ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ẹ wo adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára. Òpó náà funfun nítorí pé wọ́n fi ẹ̀kọ yà á kí wọ́n tó ki aṣọ bọ inú aró. Aṣọ kan náà ni, òwú kan náà ni. Ẹ̀kọ ló dúró láàárín òwú àti aró. Bí ẹ̀kọ bá fọ́ kí aró tó gbẹ, aró yóò wọlé, òpó Mápó yóò sì dàpọ̀ mọ́ ìyókù aṣọ.

Ọdún 1967 ni Thomas Reese àti Morris Karnovsky ní Amẹ́ríkà fi awò alágbára rí ibi tí ẹ̀kọ yẹn wà gan-an, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti rán mọ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n fi dán odi náà wò jẹ́ ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n yọ láti ara gbòǹgbò ewéko. Wọ́n fà á sínú ẹ̀jẹ̀ èkúté, ó rìn dé ibi ìrán náà, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ló jẹ́rìí pé odi ń bẹ. Ẹ́ńsáìmù mìíràn ló sì máa wó o.

Ohun tí ìyá wa ń fi ìbẹ́pẹ ṣe

Kí ni ẹ́ńsáìmù? Ẹ wo ilé ìdáná. Bí ẹran bá yi, àwọn ìyá wa máa ń gé ìbẹ́pẹ dúdú sínú ìkòkò. Kò pẹ́, ẹran á rọ̀. Nínú omi funfun ara ìbẹ́pẹ ni ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń gé purotéènì ẹran sí wẹ́wẹ́. Ẹ́ńsáìmù kékeré kan lè gé ọ̀kẹ́ àìmọye nǹkan láì tán, torí pé ọ̀bẹ ni, kì í ṣe iyọ̀.

Ẹ tún wo gbágùúdá. Nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀, ohun tó lè di májèlé síánáìdì àti ẹ́ńsáìmù tó lè tú u sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ tí a bá rin ín, ògiri àárín wọn fọ́, wọ́n pàdé, májèlé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rẹ ẹ́, tí a ń fún un, tí a ń yan án kó tó di gàrí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, tó ṣiṣẹ́ lórí àrùn ọpọlọ àti iṣan ní UCH, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ohun tí síánáìdì inú gbágùúdá tí a kò ṣe dáadáa ń ṣe sí iṣan àwọn ará abúlé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wúlò fún wa: ohun kan lè wà nínú ilé tipẹ́ láì pa ẹnikẹ́ni lára, títí ọjọ́ tí ìfarapa bá wó ògiri tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó kù ká mọ ọ̀bẹ tó wà nínú ọpọlọ. Ní 1962, Jerome Gross àti Charles Lapière ń ṣèwádìí ohun kan tí kò jọ mọ́ ìjàǹbá rárá. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń parẹ́ nígbà tó bá ń dàgbà. Ìrù yẹn ní collagen nínú, collagen sì le bí okùn. Ta ló ń jẹ ẹ́? Wọ́n rí i pé ara ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń gé e. Èyí ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé ẹ́ńsáìmù tí wọ́n wá ń pè ní matrix metalloproteinase, MMP ní kúkúrú. Zinc ló wà lójú ọ̀bẹ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lórí ohùn nínú èdè Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lára ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ti rí ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i kò ní mọ ohun tí a ń wí.

Láti àárọ̀ sí alẹ́

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú.

Ìṣubú fúnra rẹ̀ ni ìfarapa kìíní. Ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè gbo ọpọlọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbà, kò sì sí dókítà tó lè yí i padà. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ lábẹ́ agbárí díẹ̀díẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti pa ènìyàn bí wọn kò bá tètè ṣí i. Ṣùgbọ́n ìfarapa kejì tún wà, èyí tí ara ń ṣe fún ara rẹ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara pa á tú ohun tó wà nínú wọn jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọlọ́dẹ inú ọpọlọ á gbọ́ igbe, wọ́n á figbe ta, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Ohun tí wọ́n wá ṣe dára: láti palẹ̀ òkú sẹ́ẹ̀lì mọ́ àti láti tún ibẹ̀ ṣe. Kí wọ́n lè rí ọ̀nà gbà, wọ́n gbé ọ̀bẹ dání, ìyẹn àwọn MMP.

Ara kì í tú ọ̀bẹ yìí sílẹ̀ láìní ìdè. Ìjánu wà lẹ́nu MMP nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe é, ohun mìíràn ló sì gbọ́dọ̀ bọ́ ìjánu náà kó tó lè gé nǹkan. Olùṣọ́ tún wà, purotéènì tí wọ́n ń pè ní TIMP, tó máa ń di MMP mú bó bá ti ṣe tó. Lọ́jọ́ ìfarapa, nǹkan dà rú. Èyí tó ń jẹ́ MMP-2, tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, ló kọ́kọ́ ṣí odi díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan; ìyẹn ṣì lè padà dí. Lẹ́yìn náà ni MMP-9 dé lọ́pọ̀ yanturu, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun. Plasmin, ẹ́ńsáìmù tí ara fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wà lára àwọn tó ń bọ́ ìjánu lẹ́nu àwọn MMP. Wọ́n gé okùn tó rán sẹ́ẹ̀lì pọ̀, wọ́n sì gé collagen tó wà ní ìpìlẹ̀ ògiri. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu báyìí.

Omi inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ, purotéènì tẹ̀lé e, omi púpọ̀ sí i sì tẹ̀lé purotéènì. Ọpọlọ wú. Bí ẹsẹ̀ bá wú, awọ á nà. Ṣùgbọ́n agbárí àgbàlagbà kì í nà. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ̀, ìyókù gbọ́dọ̀ fún un láàyè. Nígbà tí àyè bá tán, ọpọlọ á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibi tó yẹ, sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i á kú, igbe á tún ta, ọ̀bẹ púpọ̀ sí i á dé. Wíwú yìí lè máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Òun ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹbí ń sọ pé, "ẹ jẹ́ kó sùn, ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Gary Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó fi èyí hàn. Ní 1992, wọ́n fi ẹ́ńsáìmù tó ń gé collagen sínú ọpọlọ eku: odi ṣí. Wọ́n fi TIMP sí i: ṣíṣí náà dínkù. Ní 2000, àwọn onímọ̀ mìíràn lo àwọn èkúté tí a ti yọ àbùdá MMP-9 kúrò lára wọn. Wọ́n ṣe wọ́n léṣe lórí gẹ́gẹ́ bí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọpọlọ tiwọn kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù, wọ́n sì rìn dáadáa jù wọ́n lọ. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kí ló dé tí a ò kàn mú ọ̀bẹ kúrò?

Ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyí, ibẹ̀ náà ló sì ti dunni.

Èrò tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn dókítà ni pé kí wọ́n fi oògùn pa wíwú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fún àwọn tó fi orí ṣèṣe ní oògùn tí wọ́n ń pè ní corticosteroid. Ó bọ́gbọ́n mu: oògùn náà ń dín wíwú kù nínú àwọn àìsàn mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò dáadáa nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní CRASH, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, ènìyàn 10,008 ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìdá 21.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn ló kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 17.9 ni. Oògùn tí wọ́n fi ń gbani là ń pani. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí wọ́n fi kà á.

Ẹ jẹ́ ká gbé MMP-9 fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Ṣé ká dì í lọ́wọ́ pátápátá? Ní 2006, ìwádìí kan lórí àrùn rọpárọsẹ̀ nínú ẹranko fi hàn pé bí wọ́n bá dá MMP dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìfarapa, ọpọlọ kì í sàn dáadáa. Ìdí ni pé lásìkò yẹn, ọ̀bẹ kan náà ni ara fi ń la ọ̀nà fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹni tó wó ògiri lánàá ni bíríkìlà tí yóò mọ ọ́n lọ́la. Bí ẹ bá lé e kúrò nílé nítorí ohun tó ṣe lánàá, ta ni yóò tún ilé kọ́? Ọ̀rọ̀ àsìkò ló dà, títí di ìsinsìnyí kò sì sí oògùn kan tí dókítà lè fún ènìyàn láti mú MMP so mọ́lẹ̀ lásìkò tó yẹ, kó sì tú u sílẹ̀ lásìkò tó yẹ.

Nǹkan kejì tó ṣẹlẹ̀ ní 1962 wá wúlò níhìn-ín. Ní Japan, tọkọtaya kan, Utako àti Shosuke Okamoto, gbé oògùn kan jáde tí wọ́n ń pè ní tranexamic acid. Obìnrin tó ń kú lórí ìrọbí nítorí ẹ̀jẹ̀ dídà ló wà lọ́kàn Utako Okamoto. Ohun tí oògùn náà ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí plasmin yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Plasmin kan náà tí a dárúkọ lókè yìí ni. Ó tó ọdún 57 kí èsì ìwádìí ńlá kan tó jáde lórí ohun tó lè ṣe fún orí tó ṣèṣe. Nínú ìwádìí CRASH-3, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, ènìyàn 12,737 láti orílẹ̀-èdè 29 ló kópa, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Kò ran àwọn tí ìfarapa wọn ti le jù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí tiwọn kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rí i gbà láàárín wákàtí mẹ́ta, ikú láti ọwọ́ ìfarapa orí wálẹ̀ láti ìdá 7.5 sí ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ṣe tètè gbà á tó ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ní iye.

Wákàtí mẹ́ta láti Ọjà'ba

Ẹ padà wo àwọn tí ìwádìí yẹn ràn lọ́wọ́. Àwọn tí ìfarapa wọn kò tíì le ni. Àwọn tó dìde ni. Àwọn tó ṣàwàdà ni. Àwọn gan-an tí a máa ń sọ fún pé kí wọ́n lọ sùn sílé.

Láti Ọjà'ba, ìyẹn ọjà tí wọ́n fi sọrí Ìbà Olúyọ̀lé, sí UCH kò jìnnà. Ẹ gba Bẹẹrẹ, ẹ kọjá Yemẹtu, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Bí gosiló bá tilẹ̀ dí Bẹẹrẹ pa, Micra tó mọ̀nà kò ní lo wákàtí mẹ́ta. Ohun tó ń jẹ wákàtí mẹ́ta yẹn ni ìgbàgbọ́ pé ìfarapa ti tán nígbà tí ìṣubú ti tán. Ìtàn tí a sọ yìí fi hàn pé lásìkò yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, bó bá dákú, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé e lọ. Bó bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ bá ń pọ̀ sí i, bí oorun rẹ̀ bá wúwo tí kò fẹ́ jí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, bí gìrì bá gbé e, bí omi tó mọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní etí tàbí imú, bí ẹyinjú dúdú kan bá tóbi ju èkejì lọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ má yí ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má jẹ́ kó tún gun ọ̀kadà lọ. Ẹ sì jẹ́ ká yé di ẹ̀bi ru ìyàwó àgbà.

Látúndé Ọdẹ́kù kò rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ sókè yìí. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló pa á ní ìlú London ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ọmọ ọdún 47 ni. Ọdún méjìlá péré ló fi ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kó tó kú, òun àti Adélọlá Adélóyè, tó bá a ṣiṣẹ́, ti kọ̀wé lórí kókó kan tó máa ń yọ lórí àwùjẹ̀ ọmọdé, tí àwọn oníṣègùn àgbáyé fi ń dárúkọ àwọn méjèèjì títí di òní. Ilé ìkàwé ìṣègùn tó wà ní UCH ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣí agbárí fún àwọn ará Ọjà'ba lónìí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ó dá sílẹ̀.

Ìlú ti borí odi Ìbíkúnlé tipẹ́. Òpó Mápó ṣì dúró, lórí òkè àti lára adìrẹ. Ọdẹ́kù wá sílé ní 1962 nítorí àwọn tó lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ṣubú, tó rí i tó dìde, tó rí i tó rẹ́rìn-ín, tó ṣì mọ̀ pé ògiri lè máa lanu lọ́wọ́lọ́wọ́.